Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Kò Tíì Pé, Mojísọ́lá

Bọ́ládé, Òṣòdì.
Ọ̀sán Ọjọ́ Ajé.

Mojísọ́lá,

Mi ò ní bi ọ́ léèrè àlàáfíà rẹ. Mo rí ọ lánàá, ara rẹ le, o jẹ abọ́ ìrẹsì méjì, o tún bu ẹran kún un. Èmi ni ara mi kò balẹ̀. Láti ìgbà tí o ti jáde nílé mi ni àyà mi ti ń gbóná. Mi ò lè ka Bíbélì, mi ò lè gbálẹ̀, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láìjágbe. Ṣadé àbúrò rẹ bi mí láàárọ̀ yìí pé, "Màmá, ta ló ṣẹ̀ yín?" Mo ní kó lọ mú bírò àti ìwé wá fún mi.

O máa sọ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Tí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín." Ìwọ mọ àlàyé ṣe jù. Láti kékeré lo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Tí o bá fọ́ abọ́, wàá ṣàlàyé títí, èmi tí mo ni abọ́ á wá máa bẹ̀ ọ́. Lẹ́tà kì í gba àlàyé. Wàá jókòó, wàá kà á, wàá pa ẹnu rẹ mọ́. Ṣadé ló máa mú un wá bá ọ ní Àjàó Estate nírọ̀lẹ́ yìí, mo sì ti sọ fún un pé kó dúró tì ọ́ títí wàá fi kà á dé ìparí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ ohun tí o sọ lánàá sílẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́, kí o má baà ní mo bù mọ́ ọn.

O ní ilé-iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ní Ìsọlọ̀, tó jẹ́ pé oògùn abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi kọ̀ǹtíráàtì ṣe fún àwọn ẹlòmíràn tó máa fi orúkọ tiwọn tà á, ti rọ oògùn kan tán fún ẹni tó gbé iṣẹ́ wá. O ní oògùn tí wọ́n ń gún fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dá. Gbogbo ìgò tí ẹ rọ lọ́jọ́ kan náà, tí ẹ̀yin ń pè ní báàṣì, ti wà nínú yàrá tútù. Ẹ ti mú díẹ̀ lọ sí láàbù láti wò ó bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlá ló sì yẹ kí ẹ fi ṣọ́ ọ. Ó wá di ọjọ́ keje, Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹni tó ni oògùn ń yọ ọ̀gá yín lẹ́nu pé ọjà ti tán lọ́wọ́ òun. Ọ̀gá yín pè ọ́ sí ọ́fíìsì, ó ní, "Mojí, kò sí nǹkan tó hù, àbí? Ohun tí kò bá hù lọ́jọ́ keje, kò lè hù mọ́." Ìwọ, ọmọ tí mo rán lọ sí yunifásítì lọ kọ́ ìmọ̀ kòkòrò, o fa bírò yọ. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́rìnlá ti pé, kò sí ohun tó hù. O kọ déètì Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ sí i, kí fáìlì lè dára lójú ẹni tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò. O sáìn. Lọ́la, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Mo bi ọ́ pé, "Ọjọ́ tí Ọlọ́run kò tíì dá, ìwọ ti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀?" O rẹ́rìn-ín. O rẹ́rìn-ín, Mojí! O ní, "Màmá, gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ tiẹ̀ wò ó, kì í ṣe orúkọ wa ló wà lára ìgò náà."

Gbólóhùn yẹn ló ń dún létí mi láti àná. Ìyàwó pásítọ̀ wà ní pálọ̀ nígbà yẹn, mi ò fẹ́ bú ọ lójú àlejò. Àlejò ti lọ. Mo ń bú ọ nísinsìnyí.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ orúkọ ara ìgò. Ta ló kọ́ ọ ní ìsọkúsọ yẹn? Àwọn bàbá wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó ni orúkọ ara ìgò kò sí nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ tí ẹ ń rọ oògùn. Kò wọ ìbọ̀wọ́, kò de ìbòmú, kò mọ ẹni tó húkọ́ àti ẹni tí kò húkọ́. Bébà nìkan ló máa rí, ó sì máa gba bébà gbọ́ torí pé ìwọ lo kọ ọ́. Télọ̀ tó bá rán aṣọ fún ẹni tó fẹ́ lọ fi orúkọ tirẹ̀ tà á, tó wá gbàgbé abẹ́rẹ́ sínú ìgbátí, ṣé ẹni tó ni orúkọ ni abẹ́rẹ́ máa gún? Ẹni tó bá wọ aṣọ ló máa gún. Obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Ikú àti ìyè ló wà níwájú rẹ̀ nígbà yẹn. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ lo fi ń ṣeré yẹn, ìwọ obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀!

Má rò pé mi ò bínú sí àwọn tó kù. Mo bínú sí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá, tó fẹ́ kí oògùn jáde kó tó jinná. Mo bínú sí ọ̀gá yín, àgbàlagbà tó mọ ohun tó tọ́, tó wá pe ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ kó wá fi orúkọ rẹ̀ ṣe ìbòrí fún un. Kí ló dé tí òun kò sáìn án fúnra rẹ̀? Bi í léèrè! Ṣùgbọ́n mi ò bí wọn. Ìwọ ni mo bí.

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kọ báyìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mi ò sọ ọ́ fún bàbá rẹ títí ó fi kú.

O mọ̀ pé mo fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oògùn kan ní Ìsọlọ̀ kí wọ́n tó tì í pa. Ilé-iṣẹ́ yẹn náà, iṣẹ́ kọ̀ǹtíráàtì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọnfáàmù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkìtì dé, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó máa ń bi mí ní àràárọ̀ pé, "Ṣé wọ́n ti kọnfáàmù rẹ?" bí ẹni pé mo fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Iṣẹ́ mi ni láti to àwọn àwo kan sínú yàrá tí a ti ń rọ oògùn sínú ìgò. Ìwọ mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Ṣadé á yọjú kà á, nítorí náà jẹ́ kí n ṣàlàyé fún òun náà. Irú oògùn tìrẹ yìí náà ni à ń rọ, kò sì fẹ́ iná. Tí o bá sè é lẹ́yìn tí o ti rọ ọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Torí náà, inú yàrá náà gan-an ló gbọ́dọ̀ mọ́, torí kò sí ohun tó máa pa kòkòrò tó bá já sínú ìgò mọ́. Àwọn àwo yẹn ló ń jẹ́rìí. Àwo pẹlẹbẹ kékeré ni wọ́n, oúnjẹ kòkòrò wà nínú wọn, ó dì bí ẹ̀kọ. A máa ń ṣí ìdérí wọn fún wákàtí mẹ́rin tí iṣẹ́ bá ń lọ, kí ohunkóhun tó bá ń fò nínú afẹ́fẹ́ lè bà lé e. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí kòkòrò bá wà, á hù, gbogbo èèyàn á sì rí i.

Òfin kan wà pé ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe, tàbí tó ń húkọ́, kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá yẹn. Kó lọ sọ fún ọ̀gá, wọ́n á ní kó lọ máa di páálí lẹ́yìn. Èmi ti lọ di páálí lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan. Nígbà tí ọ̀fìnkìn tún gbé mi lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní lọ́kàn ara mi pé wọ́n á sọ pé ọmọ aláìsàn ni mí, wọn ò ní kọnfáàmù mi. Mo fa ooru omi gbígbóná símú kí n tó kúrò nílé. Ọ̀gá bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, "Adébísí, ara le?" Mo ní, "Ó le sà." Mo wọ aṣọ funfun, mo de ìbòmú, mo wọlé.

Iṣẹ́ ti ń lọ bíi wákàtí kan nígbà tí mo sín. Mo sín lẹ́ẹ̀mejì gbà-gbà sínú ìbòmú, ibi tí mo sì dúró sí kò jìnnà sí ibi tí àwọn ìgò ti ń kọjá pẹ̀lú ẹnu wọn ní ṣíṣí. Ariwo ẹ̀rọ bò ó, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le rárá. Ọwọ́ lásán ni, kí n gbé e sókè. Wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n á kó àwọn ìgò ìgbà yẹn kúrò, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á lé mi jáde. Mi ò gbé ọwọ́. Mo wo àwọn àwo méjì tó sún mọ́ mi, ẹ̀rù sì bà mí pé ohun tó jáde lẹ́nu mi á hù lórí wọn, wọ́n á sì mọ̀ pé èmi ni. Mo na ọwọ́, mo mú ìdérí, mo dé wọn. Ìgbà tí iṣẹ́ fẹ́ parí ni mo tó ṣí wọn padà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fura.

Nígbà tí wọ́n gbé àwo jáde, gbogbo wọn mọ́ tónítóní. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún wa. Oògùn jáde, oṣù yẹn náà ni wọ́n kọnfáàmù mi. Mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mojí. Mo jó dé iwájú pẹpẹ, èmi òpùrọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ sí i, ilé-ìwòsàn kan kọ̀wé sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìgò, òun náà sì gbé ìwé náà wá bá wa. Àwọn obìnrin mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni wọ́n gún lábẹ́rẹ́ náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ara wọn gbóná bí iná, wọ́n ń gbọ̀n rìrì. Méjì dìde. Ọ̀kan kò dìde, ó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ wa kó fáìlì jáde. Ìgò díẹ̀ tí láàbù yẹ̀ wò kò ní àbùkù. Àwọn àwo mọ́. Àwọn ọ̀gá wa kọ̀wé padà pé ọ̀dọ̀ tiwa kọ́ ló ti wá, kí wọ́n lọ wo ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó gún wọn. Ilé-ìwòsàn náà sì lé nọ́ọ̀sì náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì yẹn wá sí ilé-iṣẹ́ wa. Kò pariwo, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Aṣọ ilé ló wọ̀, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu géètì láti àárọ̀. Nígbà tó yá, ọ̀gá wa ní kí èmi tí mo to àwo lọ bá a sọ̀rọ̀ kó lè máa lọ. Mo jáde lọ bá a. Ó dìde fún mi, obìnrin tó jù mí lọ dáadáa. Ó ní, "Àǹtí, mi ò wá bá yín jà o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ṣé ó mọ́ lóòótọ́?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ó mọ́, mà."

Ó ní, "Á jẹ́ pé ọwọ́ mi ni." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn padà, ó tún wò wọ́n. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Mojísọ́lá, ó sì lọ. Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìwọ á bi mí bóyá sísín mi ló pa ìyá ọlọ́mọ yẹn. Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì lóòótọ́. Ó lè jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́jú ìgò. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé, torí àwo méjì tí ì bá sọ fún wa, èmi ni mo pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ti lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, òtítọ́ kò tíì bá a, mo sì ti darúgbó sórí rẹ̀. Má fọkàn tán òwe yẹn. Irọ́ tó wà nínú fáìlì tó mọ́ kì í rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà títí wọ́n fi ti ilé-iṣẹ́ pa ni mo fi ń lọ káàkiri yàrá yẹn tí mo ń wo ìdérí. Àwọn tó kéré sí mi nílé-iṣẹ́ sọ mí ní Màmá Ṣí-Ìdérí, wọ́n á máa sín mi jẹ lẹ́yìn. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ló ká mi lára. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Ìkejì. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ keje. Èmi tí mi ò lọ sí yunifásítì, mo mọ̀ pé kòkòrò kan wà tí kì í kánjú. Á kọ́kọ́ dákẹ́, wàá máa wo omi inú ìgò láàbù, á mọ́ kedere, wàá ní kò sí nǹkan. Ọjọ́ kọkànlá, ọjọ́ kejìlá, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí omi ìrẹsì. Ìdí tí wọ́n fi ní ọjọ́ mẹ́rìnlá nìyẹn. Wọn ò kọ ọ́ láti fi ìyà jẹ ọ̀gá yín. Lọ́la á di ọjọ́ kọkànlá. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù! Ṣé nítorí ọjọ́ mẹ́ta ni wàá fi gbé ẹ̀mí aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lé orí ara rẹ? A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ẹnu ẹni ló máa ń bó. Èyí tìrẹ tiẹ̀ burú jù ú lọ, torí ẹnu ẹlòmíràn lo fẹ́ bó.

Má sì sọ fún mi pé gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe é. Irọ́ ni. Èmi mọ ibi tí wọn kì í ti í ṣe é. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ̀ láti sáìn, tí ọ̀gá ń pariwo lé e lórí, tó sì jókòó bí òkúta. Wọ́n ní orí rẹ̀ kò pé. Ó ń jẹun, ó ń sùn. Ta ni orí rẹ̀ kò wá pé nínú èmi àti òun?

Gbọ́ èyí, Mojísọ́lá Àjíkẹ́, torí ọ̀rọ̀ ara rẹ ni. Nígbà tí mo bí ọ, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Mo rí i lójú àwọn nọ́ọ̀sì pé nǹkan ti ń yíwọ́. Ọ̀kan nínú wọn sáré mú ìgò abẹ́rẹ́ wá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ìgò náà." Ó rò pé mo ti ń ṣìnwín. Ó gbé e súnmọ́ ojú mi. Orúkọ ẹnì kan tí mo mọ̀ pé kò ní ẹ̀rọ kankan rárá ló wà lára rẹ̀. Àwa ni à ń rọ ọ́ fún un ní Ìsọlọ̀.

Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò tí wọ́n rọ èyí, ìsinmi ìbímọ ni mo wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó wà nínú yàrá lọ́kàn mi, ìwọ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Ta ni ọ̀fìnkìn ń ṣe? Ta ni wọn ò tíì kọnfáàmù? Ta ni ẹ̀rù ń bà? Nọ́ọ̀sì ní, "Màdáámù, ẹ na itan yín." Kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo na itan mi. Wọ́n gún un, ẹ̀jẹ̀ dá, òtútù kò mú mi. Ẹnì kan tí mi ò mọ ẹni tó jẹ́ sọ òtítọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rọ ọ́, tàbí kó jẹ́ pé ó kàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Torí rẹ̀ ni mo ṣe wà láyé tí mo tọ́ ọ dàgbà tí o fi mọ bírò mú.

Mo ní èkíní, mo ní ìkejì, mo ti wá gbàgbé iye tó yẹ kí n kà. Jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tí wàá ṣe.

Lọ́la, jí lọ síbi iṣẹ́ kí ọ̀gá yín tó dé. Mú fáìlì náà. Má ya bébà, má fi ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìṣe rẹ́ bò ó, má tún un kọ sórí òmíràn. Fa ìlà kan ṣoṣo la ohun tí o kọ já, kó ṣì ṣeé kà. Ìtìjú rẹ ni, jẹ́ kó hàn. Kọ déètì ọ̀la gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ti Ọjọ́ Ẹtì. Kọ ìdí rẹ̀: ọjọ́ kò tíì pé nígbà tí mo sáìn. Sáìn sí i. Lẹ́yìn náà, lẹ́ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn yàrá tútù pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó báàṣì náà, kí o sì sọ ọ́ lẹ́nu fún ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀, torí àwọn èèyàn kì í ka ìwé ara ilẹ̀kùn.

Tí ọ̀gá yín bá dé tó pariwo, má bá a jà. Kúnlẹ̀ kí i bí mo ṣe kọ́ ọ. Ní, "Ẹ má bínú sà, mo ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti tún un ṣe." Tó bá ní kí o fà á padà, ní, "Mi ò lè fà á padà, sà." Má ṣàlàyé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ, má ṣàlàyé! Tó bá lé ọ, máa bọ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀dì rẹ ṣì wà ní yàrá Ṣadé, a jọ máa mu gààrí, ojú kò sì ní tì mí láti sọ fún gbogbo ará Bọ́ládé ìdí tí wọ́n fi lé ọ. Tó bá wá di Ọjọ́ Ẹtì tí kò sí ohun tó hù, tí ọkọ̀ kó ọjà lọ láìséwu, o lè pè mí kí o ní, "Ẹ ò rí nǹkan, Màmá?" Inú mi á dùn, màá yin Olúwa. Mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ fún ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà yìí.

Tí o bá rò ó pé ọ̀rọ̀ ìyá lásán nìyí, tó máa ń rọlẹ̀ tó bá di ọjọ́ kejì, a jẹ́ pé o kò tíì mọ̀ mí tán. O ní agogo mẹ́wàá ni ọkọ̀ ń bọ̀. Tó bá fi di agogo mẹ́jọ ààbọ̀ tí o kò tíì ya fọ́tò bébà tí o fa ìlà sí ránṣẹ́ sórí fóònù Ṣadé, màá wọ bàtà mi. Ọ́fíìsì àwọn ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn kò jìnnà sílé mi, ẹsẹ̀ mi ṣì gbé mi débẹ̀. Màá kọ́kọ́ sọ tèmi fún wọn, láti orí ọ̀fìnkìn dé orí bẹ́ǹṣì ẹnu géètì, kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà màá sọ tìrẹ: orúkọ rẹ, orúkọ ilé-iṣẹ́ yín, orúkọ oògùn, agogo tí ọkọ̀ ń bọ̀. Wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀, wọ́n á ní bóyá ọ̀tá ọmọ yìí ni mí. Màá fún wọn ní orúkọ tí mo fẹ́ kọ sísàlẹ̀ ìwé yìí, torí láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ mi ti dá, mi ò jẹ́ orúkọ mìíràn ládùúgbò.

Èmi ni,
Ìyá Mojísọ́lá.